Láptọ́ọ̀pù Rẹ Kú ní Ilé Mi, Ìyàwó Rẹ Kò sì Sí Níbẹ̀

Elelenwo, Port Harcourt.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Yínká ọmọ mi, Àlàmú,

Mi ò ní bi ọ́ bóyá dáadáa lo wà. Mo mọ̀ pé o kò wà dáadáa. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ wà ní Iwofe, tí òun ń dá sùn ní Rumuodara, tí iṣẹ́ tuntun rẹ̀ sì ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ, kí ni mo tún fẹ́ bi í? Èmi ní tèmi wà. Orúnkún ń dùn mí, àmọ́ orúnkún kọ́ ni mo fi ń kọ̀wé.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Má wulẹ̀ máa wá ẹni tó bá mi kọ ọ́. Ìwé kẹta ni mo kà dé ní Ìkìrun kí bàbá mi tó ní kí n wá máa ran ìyá mi lọ́wọ́ nínú oko, ṣùgbọ́n ìwé kẹta ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ìwé kẹta tiyín. Mo ń ka Bíbélì mi láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn láìsí ẹni tó ń fi ìka tọ́ ọ fún mi. Bí àmì kan bá sọnù lórí ọ̀rọ̀, ìwọ fi í sí i, ìwọ tó lọ sí yunifásítì.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé ni pé lórí fóònù o kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, o ti dá sí i: "Mummy, mo wà nínú ìpàdé." "Mummy, network ò dáa." "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ò yé yín." Ó dáa. Kò sí bí o ṣe fẹ́ já ọ̀rọ̀ mọ́ ìwé lẹ́nu. Jókòó, kí o kà á, má sì dìde títí wàá fi kà á tán.

Ní Sunday tó kọjá o gbé láptọ́ọ̀pù rẹ wá sí ilé mi, o wé e sínú tówẹ́ẹ̀lì bí ọmọ tuntun. O ní kí n bá ọ gbé e fún Ọ̀gá Sunday tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìta wa, kó wò ó, kí n sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ Ibinabo kò ti ní í tó o. Mo bi ọ́ pé kí ni ìyàwó rẹ ṣe. O ní ó bà á jẹ́. O ní ó lò ó lálẹ́ ọjọ́ Wednesday láti tẹ ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, àti pé lọ́jọ́ kejì, níbi tí o ti ń fi àwòrán páìpù tí o yà han àwọn ọ̀gá rẹ, ojú láptọ́ọ̀pù ṣókùnkùn lójijì. O tan án padà, ó tún kú. O tan án lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá rẹ ní kí o fi í sílẹ̀, àwọn á máa bá nǹkan mìíràn lọ. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́. Wọn ò tíì fìdí rẹ múlẹ̀ níbi iṣẹ́ yẹn, ojú ni wọ́n ṣì fi ń wò ọ́. O bínú wọlé, o bá ìyàwó rẹ pariwo, ó kó aṣọ díẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Iwofe.

O wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ dáhùn kí n tó ṣe ohunkóhun. O ní, "Mummy, ẹ ò mọ àwọn èèyàn yìí." Àwọn èèyàn wo? Port Harcourt níbí ni mo bí ọ sí. Ẹja tí o jẹ tí eyín fi hù lẹ́nu rẹ, ọwọ́ àwọn èèyàn ìyàwó rẹ ni mo ti rà á. Ìwọ fúnra rẹ, bí mo bá rán ọ lọ sí Ìkìrun pẹ̀lú Yorùbá ẹnu rẹ yìí, wọ́n á bi ọ́ pé ìlú wo lo ti wá. Má jẹ́ kí n gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Lọ́jọ́ náà mi ò bá ọ jiyàn, nítorí mi ò tíì mọ nǹkan kan. Èkíní ìmọ̀ràn mi nìyẹn: ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan, kó panu mọ́, kó máa wò. Ìwọ sọ̀rọ̀ kí o tó wò. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá ni wọ́n pè ní àgbà òṣìkà, ìwọ ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan, ìbínú rẹ nìkan lo gbọ́.

Èkejì, kí n sọ ti bàbá rẹ fún ọ. O kéré nígbà náà, jẹ́lé-ó-sinmi lo ń lọ. Mo ń ta ẹja inú yìnyín ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé tí a yá, fírísà kan ṣoṣo la ní. Lọ́sàn-án, lọ́sàn-án, fírísà náà á dákẹ́. Bí ó bá tún di ìrọ̀lẹ́, á tún máa ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ ní Màmá Boma, obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí wa, ló ń yọ ọ́ kúrò lára iná, nítorí pé òun náà ń ta ẹja. Mo gbà á gbọ́, mo tún bu epo sí i. A bá obìnrin náà jà títí ó fi kó kúrò nínú ilé. Ó kó lọ tán, fírísà ò yéé dákẹ́. Nígbà tí a wá sún un kúrò lára ògiri la rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná bí ààrò, tí a ti tì í mọ́ ògiri pátápátá kí àpò gàrí lè ráyè dúró. Kò rí afẹ́fẹ́ mí. A wá Màmá Boma láti tọrọ àforíjì, a ò rí i. Bàbá rẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọsíbítù kó tó kú. Nítorí náà, nígbà tí o gbé ohun èlò kan wá tí o sì gbé orúkọ èèyàn kan tì í lẹ́yìn, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà lè já sí.

Mo tan láptọ́ọ̀pù rẹ. Má pariwo. Ìwọ lo ní kí n sọ ọ̀rọ̀ tó ń ṣí i fún Ọ̀gá Sunday, o sì pe lẹ́tà rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán ni mo rí i pé orúkọ ìyàwó rẹ ni. Mo rẹ́rìn-ín títí. Orúkọ rẹ̀ ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ, òun lo ń tì síta.

Ọjọ́ Monday nìyẹn. Mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì mi bí o ṣe máa ń gbé e sórí tìrẹ, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, mo ní kó máa fi orin ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa hàn mí. Ilẹ̀kùn mi wà ní títì. Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé. Àwọn akọrin ò tíì délẹ̀ orin kejì tí ó fi kú fin-ín.

Àlàmú, Ibinabo wà ní Iwofe. Èmi wà ní Elelenwo. Ṣé ó na ọwọ́ kọjá gbogbo Port Harcourt wá pa á ni?

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ìyàwó rẹ ti parí lójú mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, o ní orí kunkun bíi tèmi. Wàá ní ohun tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń bàjẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá a dé gbòǹgbò. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Gbọ́ bí mo ṣe wá a, nítorí ọjọ́ mìíràn lè wà tí mi ò ní sí níbẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá yí mẹ́ta pọ̀, tó sì gbádùn, o ò ní mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wò ó sàn. Mo kọ́kọ́ wo iná. Mo yọ ṣájà kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá, mo lọ kì í bọ ti pálọ̀. Ó kú. Mo di orí ṣájà mú, mo mì ín díẹ̀díẹ̀ níbi tó ti wọ ara ẹ̀rọ, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ṣẹ́jú. Orí rẹ̀ ò tú nìyẹn. Mo yọ ṣájà pátápátá, mo jẹ́ kó máa jẹ bátìrì rẹ̀ nìkan. Àmì bátìrì ju ìdajì lọ, síbẹ̀ ó kú. Ṣé o rí i? Tí a bá fún un ní iná, ó ń kú. Tí a ò fún un, ó ń kú. Ìyẹn ni pé kì í ṣe iná, kì í ṣe ṣájà, ó sì ṣòro kó jẹ́ bátìrì.

Mo wá fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù tó ti ṣetán láti lọ aṣọ. Mo gbé e kalẹ̀ sórí táìsì, mo fi í sílẹ̀ títí ó fi tutù, mo tún tan án sórí táìsì náà. Lọ́tẹ̀ yìí ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Mo ní àhá. Ooru ni. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bó bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Kì í ṣe pé ó ya wèrè, ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni.

Ó ku ohun tó ń mú un gbóná. Mo gbé e tọ Ọ̀gá Sunday lọ. O mọ̀ ọ́n, onírùngbọ̀n yẹn tó máa ń fi rédíò sí etí. Kò tíì gbé e sílẹ̀ tó fi ní, "Mama, this one na battery. If no be battery, na board."

Mo ní, "Oga Sunday, which one?"

"Mama, make I just change the two, make you rest."

"Who tell you say I wan rest? I tire?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mama Yinka, you too dey drag person."

Mo ní kó dá a dojú délẹ̀ fún mi. Ó dá a délẹ̀. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ìka ni mo fi ń wò. Mo fi ìka tọ́ ikùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tó yẹ kí ihò wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ìka mi ń yọ̀ lọ geere bí ẹni pé orí gíláàsì ló wà. Mo fi èékánná họ ọ́. Ó ká. Sẹ́lótéèpù! Sẹ́lótéèpù gbooro tí kò láwọ̀, nígbà tí mo sì tọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, òmíràn tún wà níbi tí ooru ń gbà jáde. Ìwọ náà mọ téèpù náà, òun lo fi dí gbogbo etí fèrèsé yàrá mi nígbà tí súùtù pọ̀, eruku dúdú tó ń bọ́ láti ojú sánmà tí a fi ń jí bá àtẹ́lẹsẹ̀ dúdú láàárọ̀.

Mo mọ èrò ọkàn rẹ. O rí bí súùtù ṣe ń dọ̀tí ilẹ̀, aṣọ àti kọ́tìnnì, o ní kò gbọdọ̀ wọ inú láptọ́ọ̀pù rẹ. Mi ò bá ọ wí fún ìyẹn. Ẹni tí kò bá gbé Port Harcourt kò ní dán irú rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n fèrèsé kì í mí, ẹ̀rọ ń mí. O di ẹ̀rọ nímú, o tún ní kó máa sáré.

Ọ̀gá Sunday ṣí i. Súùtù tó ti wọlé kí o tó lẹ téèpù wà lára fáànù rẹ̀ bí ẹ̀yìn ìkòkò tí a fi igi dá iná sí, kò sì rọ́nà jáde mọ́. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, ó fẹ́ ẹ, ó fi ọ̀rá tuntun tó ń bá a gbé ooru kúrò sáàárín irin rẹ̀, ó dè é. Ó tan án. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ láti ọ̀sán títí tí oòrùn fi ń wọ̀. Ó ní, "Mama, e don do."

Mo ní, "Put am back."

"Put wetin back?"

"The tape."

"Ah-ah! Mama, you wan spoil wetin we don repair?"

"We never repair am. We just dey suspect."

Àwọn tó wá gba fóònù wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Sunday wò mí, ó wo láptọ́ọ̀pù, ó gbọn orí, ó lẹ téèpù tuntun mọ́ ojú ihò gbogbo. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tó ń gun òkè. Kò pẹ́, ó kú. Ó ṣí téèpù, ó jẹ́ kó tutù, ó tan án, kò kú mọ́. Òun fúnra rẹ̀ wá sọ pé, "Mama, now I believe you." Mo ní kì í ṣe èmi ni kó gbàgbọ́, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni.

Bí ó bá jẹ́ pé mo gbà kó kàn pààrọ̀ bátìrì, téèpù ì bá ṣì wà níbẹ̀, ìwọ ì bá sì tún ti pariwo lé ẹlòmíràn lórí.

Nísinsìnyí, bí o ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí ìrọ̀rí mọ́, tímùtímù ń dí i nímú bíi téèpù náà ni. Orí tábìlì ni kó wà, kí o sì fi ìdérí ìgò omi tẹ ìdí rẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Ilẹ̀ ibí yìí ní súùtù, a ò lè sá fún un. Fi aṣọ gbígbẹ nu tábìlì kí o tó jókòó, sún tábìlì kúrò lẹ́bàá fèrèsé, pàápàá fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ kọjú sí, kí o sì máa gbé e fún oníṣẹ́ kó gbọn fáànù rẹ̀ kó tó di pé ó ń ké. Ìnáwó ìgbọ̀nnù kéré sí ti ìpààrọ̀. Má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá dá iná padà, jẹ́ kí iná náà fara balẹ̀ kí o tó ki ṣájà bọ̀ ọ́. Bí o bá ń ya àwòrán, máa tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ bí o ṣe ń yà á lọ, má dúró dìgbà tí o bá yà á tán. Ikú kì í fún èèyàn ní ìkìlọ̀, ti ẹ̀rọ náà kì í fún un.

Bí ó bá ń kú nígbà tí ara rẹ̀ tutù, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kì í ṣe ooru. Wo ṣájà, wo bátìrì, kí o sì rántí ohun tí o kì bọ̀ ọ́ tàbí ohun tuntun tí o gbé sínú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí bátìrì bá wú, tí ikùn rẹ̀ ń ta sókè, má tẹ̀ ẹ́, má fún un ní iná, gbé e jìnnà sí ibi tí o ń sùn, kí o mú un tọ ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ. Ohunkóhun tí o bá sì fẹ́ ṣí, yọ ọ́ kúrò lára iná kí o tó fi irin kàn án. Nígbà tí mo wà lọ́mọge mo fi ọ̀bẹ tú ìdí áyọ́ọ̀nù tó wà lára iná, nítorí pé ọkùnrin kan sọ pé obìnrin ò lè tú u. Iná gbé mi lu kọ́bọ́ọ̀dù. Mo tú u ṣá, ṣùgbọ́n mi ò ní kí o ṣe bíi tèmi.

Mélòó ni mo ti kà báyìí? Mi ò ka iye rẹ̀ mọ́. Ti iṣẹ́ rẹ ló kàn. Má lọ sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé iná ló lọ. Sọ fún wọn pé ẹ̀rọ rẹ gbóná jù, pé o ti rí ohun tó fà á, o sì ti tún un ṣe. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló fà á, sọ téèpù náà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó lè sọ àṣìṣe rẹ̀ ní gbólóhùn kan, wọ́n máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ìyàwó rẹ ló wá kù.

Ní àná, Saturday, mo wọ mọ́tò láti ibí, mo tún wọ kẹ̀kẹ́, mo dé Iwofe. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jìnnà sí etí omi, òórùn ẹja yíyan gba gbogbo ojú ọ̀nà. Mo bá a níbi tó ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. O mọ̀ pé ó ti kọ́ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó sì máa ń kúnlẹ̀ fún mi ju bí àwọn ọmọ wa ṣe ń ṣe lọ. Lánàá, kò kúnlẹ̀. Ó kí mi, ó gbé àga fún mi, ó sì lọ bu omi wá.

Ó ní, "Mama, na him send you?"

Mo ní, "Nobody dey send me."

"Him say make I come back?"

"E no even know say I dey here."

Mo ṣàlàyé ohun gbogbo fún un bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ yìí. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Kò dùn. Ó fi báírò sílẹ̀, ó ní, "Mama, I tell am. I touch the thing that Wednesday, e hot. I tell am say make e commot that tape, the thing need air. You know wetin e tell me? E say make I face my chalk."

Face your chalk. Ìwọ, Yínká, tí owó ṣọ́ọ̀kì olùkọ́ ìyàwó rẹ gbé oúnjẹ sí iwájú rẹ ní gbogbo ìgbà tí o ń wáṣẹ́ kiri. Ojú tì mí, èmi ìyá rẹ! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbọ́, mo wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Mama, the laptop no pain me. Na as e no ask me. If to say e just ask me, 'Ibi, wetin happen?'"

Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ọ kò ju ìyẹn lọ. Gbogbo ìbéèrè tí mo bi láptọ́ọ̀pù, ṣé iná ni, ṣé ṣájà ni, ṣé ooru ni, o ò bi ìyàwó rẹ ní ẹyọ kan. Nǹkan tí kò lẹ́nu, mo fi sùúrù bi í títí ó fi dá mi lóhùn. Ẹni tó lẹ́nu, tó ti sọ ìdáhùn fún ọ kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀, o ní kó gbájú mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Ẹyin lohùn, Àlàmú. Kò sí Ọ̀gá Sunday tó lè ṣí i, kó gbọ̀n ọ́n, kó dè é padà. Ohun tó ṣẹ́kù ni kí ẹni tó jù ú sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó ṣa á.

Nítorí náà, má wá sí Elelenwo wá gbé láptọ́ọ̀pù. Kò sí nílé mi mọ́. Mo fi í sílẹ̀ ní Iwofe, lọ́wọ́ ìyàwó rẹ, nínú tówẹ́ẹ̀lì tí o fi wé e. Mo ní kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹnikẹ́ni tí o bá rán, ìwọ fúnra rẹ ni kó fi lé lọ́wọ́. Mi ò bá ọ bẹ̀ ẹ́. Mi ò sọ pé kó padà, mi ò sì sọ pé kó má padà. Ohun tí mo rí ni mo sọ fún un. Ẹ̀bẹ̀ náà, ẹnu rẹ ló wà.

Lọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wà nílé. Ojú èmi lo ti fi ẹ̀sùn kàn án, ojú ẹbí tirẹ̀ ni kí o ti yọ ọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Sọ pé o ṣàṣìṣe. Má fi "ṣùgbọ́n" kún un. Lẹ́yìn náà kí o bi í ní ohun tí o kò bi í lọ́jọ́ Thursday, kí o sì dúró kí ó dáhùn tán.

Ó bi mí pé kí lòun máa ṣe bí o bá dé. Mo ní kó fetí sí ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù lo kọ́kọ́ béèrè, kó gbé e fún ọ, kó sì ti ilẹ̀kùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbẹ̀ní.